Ẹ Dá Bẹ́ǹṣì Alhaja Hàbíbátù Padà sínú Gbọ̀ngàn Ìgbìmọ̀

Ilé Iṣẹ́ Ìwé Ìròyìn Ojúmọ́ Jos,
Lókè Ṣọ́ọ̀bù Àwọn Aránṣọ,
Bauchi Road,
Jos.

Ọjọ́ karùn-ún, Oṣù Bélú, ọdún 2025.

Akọ̀wé Ìgbìmọ̀,
Ìgbìmọ̀ Agbègbè Farin Dutse,
Jos, Ìpínlẹ̀ Plateau.

Ẹ̀yin Ọ̀gá wa Akọ̀wé,

Ẹ̀SÙN ÀTI Ẹ̀BẸ̀ LÓRÍ BẸ́ǸṢÌ ÀWỌN AKỌ̀RÒYÌN TÍ Ẹ GBÉ KÚRÒ NÍNÚ GBỌ̀NGÀN ÌJÓKÒÓ

1. Orúkọ mi ni Súnkànmí Oyèdélé. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ni mí, mo sì jẹ́ akọ̀ròyìn fún Ojúmọ́ Jos, ìwé ìròyìn tó ń jáde ní ọjọọjọ́ Ẹtì, ìdajì rẹ̀ ní Yorùbá, ìdajì ní Hausa. Ilé ẹ̀kọ́ abúlé kan lẹ́bàá Vom ni mo ti kàwé, nítorí Vom ni bàbá mi ti ń tọ́jú màlúù fún àwọn tó ń ṣe ìwádìí àrùn ẹran. Wọn kò kọ́ wa níbẹ̀ bí a ṣe ń fi ọ̀rọ̀ dídùn bo ọ̀rọ̀ mọ́lẹ̀. Bí ẹ bá rí ibi tí ọ̀rọ̀ mi ti le, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má kà á sí àfojúdi.

2. Mo kọ ọ́ ní Yorùbá nítorí ìwé tí ẹ lẹ̀ mọ́ ẹnu ọ̀nà yín sọ pé olùgbé agbègbè lè kọ̀wé sí yín ní èdè tó bá rọ̀ ọ́ lọ́rùn. Mo sì mọ̀ pé ẹ gbọ́ Yorùbá dáadáa, nítorí òun ni ẹ fi bá mi wí lórí fóònù ní ọjọ́ kẹtàdínlógún oṣù tó kọjá, tí ẹ bi mí pé, "Ọmọ yìí, ṣé ojú lo fi ń ka ọwọ́ èèyàn ni, àbí imú?" Ìbéèrè náà tọ́ sí mi. Lẹ́tà yìí ni ìdáhùn rẹ̀.

3. Ohun tí mò ń bẹ̀bẹ̀ fún kò tóbi. Bẹ́ǹṣì kan wà nínú gbọ̀ngàn ìjókòó yín tẹ́lẹ̀, lápá òsì, lábẹ́ fèrèsé kejì. Pákó tó le ni wọ́n fi kàn án. Èèyàn mẹ́rin lè jókòó sórí rẹ̀ bí wọ́n bá fẹ́ràn ara wọn. Láti ìjókòó àkọ́kọ́ tí ìgbìmọ̀ yín ṣe ní ọdún 1999, ibẹ̀ ni àwọn akọ̀ròyìn ti ń jókòó. Ní oṣù Ògún ọdún yìí, ẹ kun gbọ̀ngàn náà ní ọ̀dà tuntun, ẹ sì gbé bẹ́ǹṣì náà jáde. Ọ̀dà gbẹ, bẹ́ǹṣì kò padà wọlé. Láti ọjọ́ kejì oṣù Ọ̀wẹ́wẹ̀ ni wọ́n ti ń kó wa sí yàrá kan ní òdìkejì ọ̀dẹ̀dẹ̀, níbi tí tẹlifíṣọ̀n kan ti ń fi ìjókòó hàn wá. Àga ibẹ̀ ní tìmùtìmù. Wọ́n ń fún wa ní tíì pẹ̀lú mílíìkì. N kò ní ẹ̀sùn kankan lórí tíì.

4. Ẹni tí mo torí rẹ̀ kọ̀wé ni ọ̀gá mi, Alhaja Hàbíbátù Abdulsobur. Bàbá rẹ̀ àgbà ló ti Ìlọrin kó aṣọ wá tà ní Jos. Jos ni wọ́n bí bàbá rẹ̀ sí, Jos ni wọ́n bí òun náà sí. Ó wà lórí bẹ́ǹṣì yẹn ní ìjókòó àkọ́kọ́, ní ọdún tí wọ́n bí èmi. Ó ti ń jókòó síbẹ̀ láti ìgbà náà, ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan sí èkejì tí ẹ bá ń pàdé, àyàfi ìgbà tó lọ sí Mẹ́kà àti ọ̀sẹ̀ tí ọkọ rẹ̀ ṣaláìsí. Yóò fẹ̀yìntì ní ìparí oṣù yìí. Ìjókòó ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n ni ìgbẹ̀yìn tí yóò kọ ìròyìn rẹ̀.

5. Ọ̀pọ̀ akọ̀ròyìn a máa kọ ohun tí kánsẹ́lọ̀ bá sọ. Alhaja kì í fi bẹ́ẹ̀ kọ ọ̀rọ̀ ẹnu. Ọwọ́ ló ń yà. Nígbàkígbà tí alága bá ní kí àwọn tó fara mọ́ àbá na ọwọ́ sókè, yóò fi bírò ya wọn lọ́kọ̀ọ̀kan: apá aṣọ tó ṣí sílẹ̀, aago, òrùka, ọwọ́ tó yára gòkè, àti ọwọ́ tó kọ́kọ́ dúró wo ohun tí ọwọ́ ẹgbẹ́ rẹ̀ fẹ́ ṣe. Ó máa ń sọ fún mi pé, "Ẹnu lè sọ ohun méjì kí ilẹ̀ tó ṣú. Ọwọ́ tó bá ti gòkè ti sọ tirẹ̀ nìyẹn." Ìwé àkọsílẹ̀ mọ́kànlélógójì ló ti fi ya ọwọ́. Mo ti rí kánsẹ́lọ̀ tó wá bá a ní ilé láti bi í pé ibo ni òun dìbò sí ní ọdún mẹ́ta sẹ́yìn.

6. Kì í ṣe eré ọwọ́ dídùn ló ń ṣe. Ní ọdún 2008, ó rí i nínú àwòrán rẹ̀ pé ọwọ́ àwọn kánsẹ́lọ̀ mẹ́ta tí kì í tètè gòkè ṣàdédé yára gòkè ní ọjọ́ kan ṣoṣo, lórí àbá kànga ẹ̀rọ mẹ́ta, ọ̀kan fún àdúgbò ẹnì kọ̀ọ̀kan wọn. Nígbà tí wọ́n ṣí àwọn kànga náà, ó gba fọ́tò mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ó tẹ́ wọn sórí tábìlì. Kùkùté gúáfà kan tí wọ́n so àkísà aláwọ̀ búlúù mọ́ wà nínú fọ́tò kìíní. Ó wà nínú ìkejì. Ó wà nínú ìkẹta. Alhaja gbé korobá, ó lọ bu omi ní àdúgbò mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ó rí omi ní ọ̀kan, ó rí koríko ní méjì. Kí ó tó gbé ìròyìn náà jáde, ó lọ sí ilé àwọn kánsẹ́lọ̀ náà, ó kà á sí wọn létí láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, nítorí òfin rẹ̀ ni pé ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ ka ìròyìn nípa ara rẹ̀ lọ́jà kí ó tó gbọ́ ọ nílé. Láàárín oṣù mẹ́rin, kànga méjì tó kù ti wà. Mo ti mu nínú omi ọ̀kan. Ọ̀kan nínú àwọn kánsẹ́lọ̀ náà ṣì máa ń gbé ẹran iléyá wá fún un lọ́dọọdún.

7. Ẹ̀yin pàápàá jẹ nínú iṣẹ́ yìí. Ní ọdún 2013, òjò jo wọ inú kọ́bọ́ọ̀dù tí ẹ ń kó àkọsílẹ̀ ìjókòó sí, ọ̀pọ̀ ìwé sì di ẹ̀kọ. Akọ̀wé tó wà níbẹ̀ ṣáájú yín yá ìwé mọ́kànlá lọ́wọ́ Alhaja, ó fi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lò wọ́n láti mọ ẹni tó fara mọ́ àbá kọ̀ọ̀kan àti ẹni tó kọ̀ ọ́. Mo fi ẹ̀dà lẹ́tà ìdúpẹ́ rẹ̀ sínú àpò ìwé yìí. Ohun tí ìgbìmọ̀ yín rántí nípa ọdún méje gbáko, orí bẹ́ǹṣì yẹn ni wọ́n ti rí i.

8. Mo wá kan ọ̀rọ̀ ara mi. Ní ọjọ́ kẹrìnlá oṣù Ọ̀wàrà, wọ́n gbé àbá kan wá pé kí àwọn obìnrin tó ń ta pòtétò, tí gbogbo wa ń pè ní dánkálì, má kúrò níbi tí wọ́n ń pàtẹ sí ní Tina Junction, kí wọ́n sì ṣe òrùlé lé wọn lórí. Kánsẹ́lọ̀ mọ́kànlá ló wà ní ìjókòó. Èmi àti Alhaja wà níwájú tẹlifíṣọ̀n. Nígbà tí alága ní kí wọ́n na ọwọ́, mo ka ọwọ́ mẹ́fà. Ní igun àwòrán náà, mo rí ẹnì kan tó wọ kafutáànì aláwọ̀ eérú tó dìde. Ẹ̀gbẹ́ òsì àyà rẹ̀ àti bọ́tìnì rẹ̀ nìkan ni mo rí, nítorí kámẹ́rà ti gé orí rẹ̀ àti ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún rẹ̀ kúrò. Mo mọ kafutáànì náà. Ti Kánsẹ́lọ̀ Kamaldeen Bàdírù ni, ẹni tó ń ṣojú Tina Junction gan-an. Mo gbà pé ó ń jáde ni, kí ó má baà dìbò. Lẹ́yìn náà ni mo gbọ́ ohùn yín tí ẹ kéde méje. Mo gbà pé ẹ fi ọ̀kan kún un.

9. Alhaja ti dé bírò rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti kó wa sí yàrá yẹn, kò tíì ya ọwọ́ kan ṣoṣo. Ó ní òun kì í ya ọwọ́ tí òun kò bá rí èjìká rẹ̀. Kí ó tó lọ rí dókítà tó ń wo orúnkún rẹ̀ ní ọ̀sán ọjọ́ náà, ó sọ fún mi pé, "Súnkànmí, lọ ka ìròyìn yẹn fún Kamaldeen kí o tó fi í sílẹ̀." N kò lọ. Mo rò pé ẹni tó sá fún ìbò yóò sá fún èmi náà. Olóòtú wa, Ọ̀gbẹ́ni Adéfúnmi, bi mí bóyá ó dá mi lójú. Mo ní ó dá mi lójú. Ní ọjọ́ Ẹtì, ìròyìn náà jáde lójú ewé àkọ́kọ́ pé Kánsẹ́lọ̀ Kamaldeen sá fi àwọn èèyàn rẹ̀ sílẹ̀, àti pé akọ̀wé ìgbìmọ̀ ka méje níbi tí mẹ́fà wà.

10. Òtítọ́ ibẹ̀ rèé, bí mo ṣe gbọ́ ọ lọ́wọ́ yín àti lọ́wọ́ àwọn tó wà nínú gbọ̀ngàn. Apá ọ̀tún Kánsẹ́lọ̀ Kamaldeen ti ṣẹ́ ní ọjọ́ márùn-ún ṣáájú. Báńdéèjì ni wọ́n fi dì í, wọ́n sì fi ọ̀já gbé e kọ́ ọrùn. Alága yín jẹ́ ẹni ọdún mọ́kàndínlọ́gọ́rin. Alùfáà ará Ìlọrin ló bí Kamaldeen, òun ló sì tọ́ ọ. Kò sí bí yóò ṣe na ọwọ́ òsì sókè níwájú àgbàlagbà bẹ́ẹ̀. Nítorí náà ó dìde dúró, ó fi ọwọ́ òsì pamọ́ sẹ́yìn, ó tẹrí ba. Gbogbo ẹni tó wà níbẹ̀ ló mọ ohun tó sọ, ì báà jẹ́ Yorùbá, Hausa tàbí Berom. Alága mi orí sí i, ẹ̀yin náà sì kà á mọ́ àwọn tó fara mọ́ àbá. Méje ni wọ́n lóòótọ́. Ẹni tó bá jókòó lábẹ́ fèrèsé kejì ì bá ti rí i láti fìlà dé bàtà.

11. Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí àṣìṣe mi fà, kí ó má dà bí ẹni pé mò ń fi í ṣeré. Ìyàwó kánsẹ́lọ̀ náà, Màrdíyyàh, ń rán aṣọ ilé ẹ̀kọ́ ní Tina Junction. Ní àárọ̀ ọjọ́ Àbámẹ́ta, ó kí àwọn oníṣòwò dánkálì ní "Sannunku da aiki", ìyẹn ẹ kú iṣẹ́, bí ó ṣe máa ń kí wọn, kò sì sí ẹni tó dá a lóhùn àfi ọ̀kan, ìyá kan tí wọ́n ń pè ní Ìyá Rasheedat, tó bi í pé, "Ìyàwó asáré, ṣé ọkọ rẹ ti dé?" Fún ọjọ́ méjì, ẹ̀yìn ilé ni Kánsẹ́lọ̀ Kamaldeen ń gbà lọ sí mọ́ṣáláṣí. Ọkùnrin tó bọ̀wọ̀ fún àgbà ni mo pè ní ojo.

12. Ní ọjọ́ Àìkú, Alhaja fa orúnkún rẹ̀ tó ń dùn ún, ó mú mi lọ sí ilé kánsẹ́lọ̀ náà. Mo dọ̀bálẹ̀. Kánsẹ́lọ̀ náà ní, "Ọmọ mi, o rí bọ́tìnì mi, o kò rí orí mi." Ó wá bú sẹ́rìn-ín títí apá rẹ̀ fi bẹ̀rẹ̀ sí í dùn ún. Àtúnṣe jáde ní ọjọ́ kẹrìnlélógún, lójú ewé àkọ́kọ́ pẹ̀lú orúkọ mi, nítorí Alhaja ní ibi tí èèyàn bá da omi sí ni yóò ti nù ún. Kò tán síbẹ̀. Ó ní kí n lọ ka àtúnṣe náà sókè ní Tina Junction, láti ìsọ̀ dé ìsọ̀, ní Yorùbá àti ní Hausa. Mo lọ. Nígbà tí mo dé ìsọ̀ Ìyá Rasheedat, ó ní òun kò gbọ́ ibi tí mo ti sọ pé èmi ni mo jẹ̀bi. Mo tún un kà. Ó ní ẹ̀rọ ọlọ́kadà kan ló bo ohùn mi mọ́lẹ̀. Mo kà á nígbà kẹta. Ó ní ó ti tó, ó sì kí Màrdíyyàh níṣojú mi.

13. Mo ti tọrọ àforíjì lọ́wọ́ yín lórí fóònù, mo sì tún ń tọrọ rẹ̀ nínú ìwé yìí kí ẹ lè fi í sínú fáìlì. Ẹ ka iye tó pé, mo sì pè yín ní ẹni tó ń bu iyọ̀ sí ìbò. Ẹ̀bi mi ni. Tẹlifíṣọ̀n kọ́ ló kọ ìròyìn náà. Síbẹ̀, mo gbọ́dọ̀ sọ èyí náà: ní ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n tí àwọn akọ̀ròyìn fi jókòó sórí bẹ́ǹṣì, ẹnikẹ́ni kò pe akọ̀wé ní onírọ́ lórí iye ọwọ́. Kò pé oṣù kan àtààbọ̀ tí ẹ gbé wa síwájú tẹlifíṣọ̀n tí mo fi ṣe é. Ọ̀gá, àwọn akọ̀ròyìn mìíràn ń bọ̀ lẹ́yìn mi, àwọn kan nínú wọn yóò sì tún gbójú ju èmi lọ. Bẹ́ǹṣì yẹn ń dáàbò bo ẹ̀yin náà.

14. Mo tún ní ẹ̀ṣẹ̀ kan láti jẹ́wọ́. Ní àárọ̀ ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n oṣù Ọ̀wàrà, èmi ni mo gbé bẹ́ǹṣì náà wọlé láìgba àṣẹ. Mo rí i lábẹ́ igi máńgòrò lẹ́yìn ọ́fíìsì yín, níbi tí àwọn awakọ̀ kánsẹ́lọ̀ ti ń jókòó jẹ kòsáì, ìyẹn àkàrà. Mo wọ́ ọ dé abẹ́ fèrèsé kejì, mo sì jókòó sórí rẹ̀. Mégàdí yín, Ọ̀gbẹ́ni Fọlábí, wọlé, ó wò mí, ó ní, "Oyèdélé, àwọn olè tí mo mọ̀, jáde ni wọ́n ń gbé nǹkan. Ìwọ ń jí tìrẹ wọlé." Ó ṣe iṣẹ́ rẹ̀ bí ó ti yẹ, ó sì bá mi di apá kejì mú jáde nítorí ó wúwo. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi ọ̀rọ̀ náà dá a lẹ́bi.

15. Ẹ ti sọ fún olóòtú wa pé nítorí ariwo ni ẹ fi gbé wa kúrò. Mo wádìí rẹ̀. Ariwo kan ṣoṣo ni ẹnikẹ́ni rántí láti orí bẹ́ǹṣì náà: ẹsẹ̀ rẹ̀ kan lápá òsì tó máa ń dún nítorí ìṣó tó tú. Mo ti ra ìṣó. Mo ti kàn án pẹ̀lú, lábẹ́ igi máńgòrò, nígbà tí àwọn awakọ̀ dìde fún mi. Kò dún mọ́.

16. Alhaja kò mọ̀ pé mò ń kọ lẹ́tà yìí. Bí ó bá mọ̀ ni, ì bá ti fa ìlà pa ìdajì rẹ̀. Ọkàn rẹ̀ balẹ̀. Ó ti wú ilẹ̀ ẹ̀yìn ilé rẹ̀ nítòsí Bauchi Road, ó fẹ́ gbin dánkálì àti sitọ́bẹ́rì síbẹ̀ lẹ́yìn ọyẹ́, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó gba yàrá lọ́dọ̀ rẹ̀ sì ti ń bá a du ẹni tí yóò máa bomi rin ín. Nígbà tí mo bá a sọ ọ̀rọ̀ bẹ́ǹṣì, ó ní, "Fi í sílẹ̀, Súnkànmí. Ọwọ́ tí mo ti rí tó mi." Mo gbà pé ó tó o. Ṣùgbọ́n mo ti yẹ ìwé kọkànlélógójì náà wò. Ojú ewé méjì ló kù níbẹ̀. Láti oṣù Ọ̀wẹ́wẹ̀ ni méjèèjì ti wà ní òfìfo, ó sì ń mú ìwé náà dání wá sí yàrá tẹlifíṣọ̀n ní gbogbo ìjókòó. Ẹni tí ọ̀rọ̀ ti tó kì í mú ìwé dání.

17. Nítorí náà, mo bẹ̀ yín, Ọ̀gá, kí ẹ dá bẹ́ǹṣì náà padà sí abẹ́ fèrèsé kejì kí ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n oṣù yìí tó dé, kí Alhaja Hàbíbátù lè jókòó sórí rẹ̀ ní ìjókòó rẹ̀ ìgbẹ̀yìn, kí ó sì ya ọwọ́ kún ojú ewé méjì tó kù. Mo bẹ̀ yín pẹ̀lú pé kí ẹ má gbé e jáde mọ́ nígbà tí òun bá lọ tán. Yàrá tẹlifíṣọ̀n lè wà fún ẹni tó bá fẹ́ràn tìmùtìmù. Ẹ má wá alágbàṣe kankan. Èmi yóò gbé e wọlé, Ọ̀gbẹ́ni Fọlábí sì ti ní òun yóò di apá kejì mú bí òun bá rí ìwé àṣẹ yín.

18. Bí ọ̀rọ̀ náà bá ju agbára ọ́fíìsì yín lọ, yóò dé iwájú ìgbìmọ̀ náà. Kánsẹ́lọ̀ Kamaldeen ti ní òun yóò gbé e wá ní àbá ní ìjókòó ọjọ́ kọkànlá. Dókítà yóò tú báńdéèjì rẹ̀ ní ọjọ́ Ajé tó ṣáájú. Ó ní kí n sọ fún yín pé ọwọ́ ọ̀tún ni òun yóò na lọ́tẹ̀ yìí, àti pé òun kò ní sọ ọ́ kalẹ̀ títí ẹ ó fi kà á.

Ẹ ṣeun tí ẹ mú sùúrù fún mi dé ìsàlẹ̀ ìwé yìí. Ní ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n, nígbà tí ẹ bá ń ka ọwọ́ níwájú, èmi náà yóò máa kà á lẹ́gbẹ̀ẹ́ Alhaja lábẹ́ fèrèsé. Mo gbàgbọ́ pé iye kan náà ni èmi àti ẹ̀yin yóò rí.

Èmi ni, tiyín nínú òtítọ́ àti nínú ẹ̀bẹ̀ tí kò ní tètè sú mi,

Súnkànmí Oyèdélé,
Akọ̀ròyìn Ọ̀ràn Ìlú,
Ojúmọ́ Jos.

Ohun tó wà nínú àpò ìwé yìí: ẹ̀dà lẹ́tà ìdúpẹ́ ọdún 2013, ẹ̀dà àtúnṣe ọjọ́ kẹrìnlélógún oṣù Ọ̀wàrà, ìṣó méjì tó ṣẹ́kù, bí ẹsẹ̀ mìíràn bá tún tú.